Èdè Wo Ni Ká Fi Kọ Sáìtì Tó Ní Dátábéèsì Nínú?

Ẹ bi márùn-ún nínú àwọn tó ń kọ kóòdù léèrè pé èdè wo ló yẹ kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín fi kọ sáìtì rẹ̀, ìdáhùn márùn-ún lẹ máa gbà, oníkálukú á sì máa fi èyí tó mọ̀ ọ́n lò búra. Ọ̀kan á ní PHP ti darúgbó. Òmíràn á ní láìsí Node.js, sáìtì ò lè yá. Ẹ̀kẹta á ní Python layé ń ná báyìí. Wọn ò kúkú parọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ń dáhùn kọ́ ni ẹgbẹ́ ń bèèrè. Ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ mọ̀ ni pé lọ́dún mẹ́rin sí àsìkò yìí, tí wọ́n ti yan akọ̀wé tuntun, tí ọmọkùnrin tó kọ sáìtì náà ti ríṣẹ́ sí Kánádà, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ á ṣì lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tó ti dá? Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n yàn.

Ká tó máa dárúkọ irinṣẹ́, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe. Sáìtì tó jẹ́ pé àdírẹ́sì ẹgbẹ́ àti fọ́tò àwọn alákòóso nìkan ló wà lórí rẹ̀ kò nílò ju HTML lásán lọ. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ rí owó tirẹ̀ nìkan, ta ló fẹ́ jókòó kọ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ de irinwó èèyàn? Ńṣe ni wọ́n máa ń kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Fóònù á ránṣẹ́ sí sáfà, sáfà á gbé iṣẹ́ náà fún kóòdù tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kóòdù á wádìí bóyá ẹni tó wọlé ni ẹni tó pe ara rẹ̀, lẹ́yìn náà á wá fi èdè SQL bi dátábéèsì léèrè:

SELECT osu, iye FROM owo_dida WHERE nomba_egbe = 217 ORDER BY osu;

Ìdáhùn á dé ní ìlà-ìlà, kóòdù á fi HTML wé e, á sì dá a padà sórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ lè má tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Kàṣíà báǹkì ni kóòdù yẹn: oníbàárà kì í wọ yàrá owó fúnra rẹ̀, kàṣíà ló ń bá a wọ ibẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí kò yẹ kó fún lówó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sáfà ló ń gbé, kì í ṣe fóònù oníbàárà, níbi tí ẹni tó bá wù ti lè tú u yẹ̀ wò.

Lọ́dún 1993, iléeṣẹ́ ìwádìí NCSA ní ìpínlẹ̀ Illinois gbé CGI jáde, òun ló jẹ́ kí sáfà lè máa pe kóòdù báyìí, èdè Perl sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ ọ́. Lọ́dún 1995, Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí sí Greenland, gbé àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tó ṣe fún ojú-ìwé ara rẹ̀ síta. PHP bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún yẹn kan náà ni ColdFusion àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń jẹ́ Allaire jáde, nígbà tó sì di ìparí ọdún 1996, Microsoft gbé ASP tirẹ̀ dé. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ síra ju bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ni owó. Èèyàn ní láti ra ColdFusion, ASP sì ń fẹ́ Windows tí wọ́n sanwó fún. PHP, Linux, Apache àti dátábéèsì MySQL ò gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ń ta àyè lórí sáfà kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú, nígbà tí WordPress sì dé lọ́dún 2003, PHP àti MySQL náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Lónìí, nínú sáìtì mẹ́wàá tó wà láyé, ó lé ní mẹ́rin tó ń fi WordPress ṣiṣẹ́. Bí PHP ṣe gba ìgboro nìyẹn. Kì í ṣe pé ó rẹwà jù. Kò gbówó lórí, ó sì wà ní gbogbo ibi tí èèyàn bá yà sí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bí sáìtì ṣe máa tóbi tó dẹ́rù bà yín. PHP ni Wikipedia ń lò, PHP náà ni Facebook fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Django, tí wọ́n fi Python kọ, ló gbé Instagram dìde. Shopify ń lo Ruby on Rails, Stack Overflow sì wà lórí ASP.NET ti Microsoft. Iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kò wó wọn. Ẹgbẹ́ onírinwó èèyàn tí wọ́n máa ń wo àkáǹtì wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè rí èyí tó máa kéré fún un nínú wọn.

Ohun tó ń pa sáìtì nílé wa ni ibi tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ra irú hosting tí sáìtì ọgọ́rọ̀ọ̀rún jọ ń gbé lórí ẹ̀rọ kan, tí wọ́n ń fi cPanel darí rẹ̀. PHP àti MySQL tàbí MariaDB ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ ó kàn kó fáìlì yín síbẹ̀ ni, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí èyí fi rọrùn ni pé kóòdù PHP máa ń jí nígbà tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, tó bá dáhùn tán, á tún sùn padà, kò sì ní gba àyè lórí ẹ̀rọ títí ẹlòmíràn á fi dé. Ti Node.js, tí Ryan Dahl gbé jáde lọ́dún 2009, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lójúfò tọ̀sán-tòru, tó bá sì ṣubú, ẹnìkan tàbí nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tó máa gbé e dìde. Django náà ń fẹ́ ètò tirẹ̀. Àwọn hosting olówó pọ́ọ́kú kan ti ń gba méjèèjì láyè báyìí, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ há. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe lẹ máa gba sáfà tiyín, tí ẹnìkan á sì máa tún Linux orí rẹ̀ ṣe lóṣooṣù. Ta ni ẹni náà? Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ tún bèèrè irú owó tí wọ́n máa gbà. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ sáfà òkè òkun ń gbà. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dín iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà san lókè òkun kù jọjọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ dá a dúró pátápátá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ ṣíwọ́ lára náírà kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, iye tí ẹgbẹ́ ti kọ sínú ìṣúná fún sáfà sì di nǹkan mìíràn. Sáìtì tí kóòdù rẹ̀ ò lábùkù lè kú nítorí pé akápò ò rí dọ́là mẹ́wàá san. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú láti Èkó dé Àkúrẹ́. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn là lọ́jọ́ náà pé sáfà tí wọ́n ń pè ní tàwọn, òkè òkun ló ń gbé. Tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn àti Òṣogbo ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín wà, hosting tó ń gba náírà, tí sáfà rẹ̀ sì wà nílé, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wa wá ńkọ́? Àwọn tó ń yan irinṣẹ́ kì í sábà rántí rẹ̀ àfìgbà tí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Títí MySQL 8.0 fi jáde lọ́dún 2018, bí ẹ bá ṣe tébù láì sọ ohunkóhun, latin1 ló máa fún yín, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú latin1. Ẹ kọ Ọ̀ṣun sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ???un lẹ máa bá níbẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé dátábéèsì kò tọ́jú èyí tẹ́ ẹ kọ síbì kankan. Àmì ìbéèrè yẹn gan-an ló fi pamọ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. utf8mb4 lẹ máa ní kí wọ́n lò, lórí tébù àti lórí ọ̀nà tí kóòdù ń gbà bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Ẹ má gba utf8 lásán, nítorí utf8 ti MySQL kò pé: ó lè gba ẹ àti ọ, àmọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, kò ní gbà á.

Ẹ mú orúkọ Ọlọ́runfẹ́mi. Ẹni tó ń ka Yorùbá á ní lẹ́tà mẹ́wàá ni. Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ tó ní àmì òkè lórí jẹ́ nǹkan méjì, ọ fúnra rẹ̀ àti àmì tó tẹ̀ lé e. Ẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn sọ mẹ́wàá di méjìlá. Nígbà tí wọ́n bá wá tọ́jú rẹ̀ ní UTF-8, ọ gba báìtì mẹ́ta, àmì òkè gba méjì, gbogbo orúkọ náà sì di ogún báìtì. Tẹ́ ẹ bá fi strlen ti PHP kà á, á ní 20. mb_strlen á ní 12. grapheme_strlen nìkan ló máa sọ 10. Python 3 àti JavaScript á sọ 12. Ẹ fojú inú wo fọ́ọ̀mù tí ọmọ kan kọ, tó ní kí orúkọ má kọjá báìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: á gé Ọlọ́runfẹ́mi sí méjì láàárín ẹ, á sì ṣẹ́ku àmì dúdú kan tí kò jọ lẹ́tà kankan. Ẹni tó ń jẹ́ Adé kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí orúkọ tirẹ̀ kúrú.

Ibi tí PHP àti Python ti yàtọ̀ síra gan-an nìyí. Python gba ìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: lọ́dún 2008, wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú Python 3 di Unicode, kóòdù àtijọ́ sì kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn onímọ̀ PHP gbìyànjú irú rẹ̀ nínú PHP 6, iṣẹ́ náà bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n pa á tì lọ́dún 2010, wọ́n sì fo 6 bọ́ sí 7. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ PHP fún èdè wa gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa pe àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mb_ àti grapheme_. Ọ̀fìn kan tún wà tí kò yọ ìkankan sílẹ̀ nínú wọn. Fóònù kan lè kọ ọ́ bí ọ pẹ̀lú àmì òkè, òmíràn á kọ ó ná, á wá fi àmì sábẹ́. Lójú yín, ọ̀kan náà ni. Lójú kóòdù, méjì ni, akọ̀wé á sì máa wá orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ tì. PHP ní Normalizer, Python ní unicodedata.normalize, JavaScript ní normalize, gbogbo wọn á sì sọ ọ́ di ọ̀kan tí wọ́n bá pè é kí orúkọ tó wọ dátábéèsì. Irinṣẹ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mọ̀ pé ó yẹ kóun pè é? Ẹ fún un ní Ọlọ́runfẹ́mi kó fi dánwò níwájú yín.

Ọ̀nà tí MySQL 8 ń gbà fi ọ̀rọ̀ wé ara wọn tí ẹ kò bá yan òmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì sí. Akọ̀wé tó bá tẹ Sola á rí Ṣọlá, ìyẹn sì dùn mọ́ni, torí ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí nǹkan lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe sáìtì ìwé atúmọ̀ èdè, tó sì ní kí ọ̀rọ̀ kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, á rí i pé dátábéèsì kọ̀ kò gba ọ̀wọ̀ nítorí pé owó ti wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á yan utf8mb4_bin.

Ní ti dátábéèsì fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. PostgreSQL le bí àpáta, MySQL àti MariaDB sì wà káàkiri. SQLite, tó jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo, tó fún sáìtì tí èèyàn ń kà ju bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tọ́jú owó sínú FLOAT. JavaScript àti Python á sọ fún yín pé 0.1 tẹ́ ẹ rò pọ̀ mọ́ 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ṣeé gbé dé ìpàdé ọdún. DECIMAL ni kí wọ́n lò, tàbí kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá ń yọ owó ẹ̀yáwó láti inú àpò kan sí òmíràn, kí méjèèjì jọ ṣẹlẹ̀ tàbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀, bí iná tilẹ̀ lọ láàárín. InnoDB inú MySQL mọ ìyẹn ṣe. MyISAM tí wọ́n ń lò látijọ́ kò mọ̀ ọ́n, ó sì ṣì wà nínú tébù ògbólógbòó púpọ̀.

Ìdánwò kan wà tí akọ̀wé tí kò mọ kóòdù lè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń wọlé hàn yín nínú iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó jọ èyí, ẹ sá:

"SELECT * FROM omo_egbe WHERE nomba = '$nomba' AND asiri = '$asiri'"

Ẹni tó bá tẹ ' OR '1'='1 síbi pásíwọọ̀dù ti sọ ìbéèrè yẹn di èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ilẹ̀kùn á sì ṣí fún un. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti kọ ọ̀nà ìjà yìí sílẹ̀ ní gbangba, síbẹ̀ ó ṣì ń bá èèyàn fínra. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí kóòdù fi ìbéèrè ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kó fi ohun tí èèyàn tẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí dátábéèsì má baà ṣì wọ́n mú fún ara wọn. PDO ń ṣe é nínú PHP. Django àti Laravel, tí wọ́n fi PHP kọ, ń ṣe é láì jẹ́ pé èèyàn rántí. Tẹ́ ẹ bá sì rí mysql_query nínú kóòdù náà, ẹ̀kọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti tó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nítorí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú PHP láti ìgbà tí PHP 7 ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2015. Inú dátábéèsì yìí kan náà ni nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn yín wà, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì ti sọ ọ́ di ẹrù ẹgbẹ́.

Kí lèmi máa mú? Tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó ń gbé nílé bá mọ Python, màá mú Django láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tú u sílẹ̀ fáyé lọ́dún 2005. Ó hàn lára rẹ̀ pé àárín àwọn tí àkókò ò tó ló ti wá: ojú-ìwé tí akọ̀wé á ti máa kọ owó sílẹ̀, tí á ti máa tún orúkọ ṣe, bá a wá láti ilé rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Ìyẹn nìkan lè gba oṣù kan lọ́wọ́ ẹni tó ń fi nǹkan mìíràn ṣe é. Tí kò bá sẹ́ni tó mọ Python, màá mú PHP 8 pẹ̀lú Laravel, lórí hosting tó ń gba náírà, nítorí pé lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin wa bá gba Kánádà lọ, ẹ ó rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, yálà ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìlọrin. Ìròyìn àti fọ́tò ìpàdé lè wà lórí WordPress, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ìwé owó síbẹ̀. Node.js, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan tó ń yí lójú ẹsẹ̀, bí ayò tí èèyàn méjì ń ta láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. ASP.NET ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láti ọdún 2016, àmọ́ àyàfi tí iléeṣẹ́ yín bá ti ń lo ti Microsoft tẹ́lẹ̀, mi ò rí ohun tẹ́ ẹ máa lọ ṣe níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi gba àdírẹ́sì tó parí sí .ng, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń kọ kóòdù. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀dà dátábéèsì á máa wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ẹnìkan já wọ sáfà ìtàkùn àpérò Nairaland, ó pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó sì pa àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi pa mọ́ síbẹ̀ rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ni wọ́n fi dìde, ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn ẹ̀dà yẹn sì wọgbó. Nítorí náà, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹni tó ń tọ́jú sáìtì mú ẹ̀dà tuntun láti ibòmíràn, kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ́ yín, kó sì ṣí àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ kan níwájú akápò, kí akápò fi iye tó bá níbẹ̀ wé ìwé ọwọ́ rẹ̀.